Àjàyí tí wọ́n fi pààrọ̀ ẹṣin

Ẹṣin ni wọ́n kọ́kọ́ fi Àjàyí pààrọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n pín ẹrú ní Ìsẹ́yìn náà ni olóyè tí ọmọ náà bọ́ sí lọ́wọ́ ti fi í gba ẹṣin lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ó gba ẹṣin yìí wò ni. Nígbà tó di bí oṣù méjì, ó ní ẹṣin náà ò tẹ́ òun lọ́rùn. Ó dá a padà, wọ́n sì dá Àjàyí padà fún un, bí ìgbà téèyàn dá bàtà tí kò bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu padà fún oníbàtà. Láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún àkọ́kọ́, èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti jẹ olówó rẹ̀. Ọmọ bí ọdún mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá ni.

Ọmọ yìí la wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ẹni tó bá lọ sílé ẹ̀kọ́ nílẹ̀ wa á ti gbọ́ ọ bí orin: wọ́n mú un lẹ́rú, òyìnbó gbà á sílẹ̀, ó kàwé, ó di bíṣọ́ọ̀bù, ó túmọ̀ Bíbélì. Ìtàn náà ń já geere lẹ́nu, àmọ́ ẹni tó bá jókòó rò ó dáadáa, orí rẹ̀ á dàrú. Ta ló mú un lẹ́rú ná? Báwo ni òyìnbó ṣe ń ra èèyàn, tí òyìnbó tún ń gbà á sílẹ̀? Bí wọ́n bá gbà á sílẹ̀ lóòótọ́, kí ló dé tí wọn ò dá a padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀? Bíṣọ́ọ̀bù ibo tiẹ̀ ni? Mo ti gbọ́ ìdáhùn oríṣiríṣi sí àwọn ìbéèrè yìí, kódà lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀, púpọ̀ nínú wọn ni kò sì rí bẹ́ẹ̀. A dúpẹ́ pé Àjàyí fúnra rẹ̀ kọ ohun tójú rẹ̀ rí sílẹ̀, nínú lẹ́tà kan tó kọ láti Fourah Bay ní Sàró (Sierra Leone) ní oṣù Kejì ọdún 1837 sí akọ̀wé CMS, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà, ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821 logun dé Òṣòógùn, ìlú tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ òde òní. Nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni, oúnjẹ ṣì wà lórí iná. Àjàyí ní odi ìlú àwọn ní bodè mẹ́fà, pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ á tó 12,000, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó lè jagun nínú wọn ò ju bí 3,000 lọ. Àwọn tó wá ká wọn mọ́ tó 20,000. Bàbá rẹ̀ sáré wọlé, ó ní kí wọ́n máa sá lọ, ó sì padà lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jà. Àjàyí ò fojú kàn án mọ́. Inú igbó onítàkùn, níbi tí wọ́n ti ń já ara wọn gbà lọ́wọ́ ìtàkùn, lọwọ́ ti tẹ òun, ìyá rẹ̀ Àfàlà, àwọn arábìnrin rẹ̀ méjì tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ ọwọ́ olóṣù mẹ́wàá, àti ọmọ ẹbí wọn kan. Wọ́n ju okùn sí wọn lọ́rùn, wọ́n so wọ́n pọ̀ bí ewúrẹ́, wọ́n ń fà wọ́n lọ.

Àwọn wo ló wá kó wọn? Ibí yìí ni ìdàrúdàpọ̀ àkọ́kọ́ wà. Ọ̀pọ̀ wa la rò pé òyìnbó ló wọ inú igbó wá jí Àjàyí gbé. Kò sí òyìnbó kankan nítòsí Òṣòógùn lọ́jọ́ náà. Àjàyí dárúkọ àwọn tó wá: àwọn ará Ọ̀yọ́ tó jẹ́ Mùsùlùmí, àwọn Fúlàní, àti àwọn ẹrú tó ti sá mọ́ olówó wọn lọ́wọ́. Ọ̀yọ́ Ilé ló ń fọ́ nígbà náà. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ti ya kúrò lẹ́yìn Aláàfin, ó jókòó sí Ìlọrin, ó sì ṣílẹ̀kùn fún ẹrú tó bá fẹ́ wá bá a jagun. Àwọn ọmọ ogun tí ó kó jọ yìí padà di iná tí kò lè pa mọ́, àwọn ló sì jẹ ẹ́ run níkẹyìn. Òṣòógùn jẹ́ ọ̀kan péré nínú àwọn ìlú tí iná náà jó. Nítorí náà, nínú àwọn tó ju okùn sí Àjàyí lọ́rùn, a ó rí àwọn tó ń sọ èdè kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn ún sọ láwùjọ, bóyá ìdí nìyẹn tá a fi máa ń yára fo ibẹ̀ kọjá.

Ní Ìsẹ́yìn, wọ́n pín wọn bí ẹni pín ẹran ìgbẹ́. Àjàyí àti àǹtí rẹ̀ bọ́ sápá kan, ìyá rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ bọ́ sápá kejì. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹṣin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, olóyè náà mú un lọ sí ìlú rẹ̀, ibẹ̀ sì ni Ọlọ́run ti jẹ́ kó tún pàdé ìyá rẹ̀. Bí oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń rí ara wọn, kí wọ́n tó tún mú un lọ. Ó dé Ìjàyè. Ó bọ́ sọ́wọ́ obìnrin Mùsùlùmí kan. Nígbà tó gbọ́ pé obìnrin náà fẹ́ kó òun lọ sí ìhà Pópó létí òkun, níbi tí àwọn Pọtogí ti ń ra èèyàn, ara ọmọ náà ò gbà á mọ́. Oúnjẹ ò wọlẹ̀, ìgbẹ́ ọ̀rìn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu. Ó sọ nínú lẹ́tà náà láìfi bò pé lóru mélòó kan òun pinnu pé ikú yá ju ẹ̀sín, ṣùgbọ́n ọkàn òun ò gbà. Nígbà tí obìnrin náà rí i pé ẹrú òun fẹ́ kú mọ́ òun lọ́wọ́, ó tà á. Lọ́jà tó tẹ̀ lé e, ọtí àti tábà ni wọ́n fi rà á. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bá ọkọ̀ ojú omi dé Èkó, òun tí kò rí odò tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó lo oṣù mélòó kan níbẹ̀ kó tó di ti Pọtogí.

Ẹ wá ka ọwọ́ tó ti gbà kọjá. Gbogbo ẹni tó fi í ṣòwò kó tó dé ọ̀dọ̀ Pọtogí, èèyàn ilẹ̀ wa ni wọ́n. Ìyẹn ò dá Pọtogí láre o. Ẹni tó dúró sí etí òkun pẹ̀lú àgbá ọtí àti ìdì tábà ló jẹ́ kí ogun wá di òwò tó lérè. Ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ kò jẹ ẹnikẹ́ni lówó di ọjà nítorí pé ẹni tó máa rà á wà nílẹ̀. Àwa tá a wà láyé lónìí là ń fẹ́ kí ẹ̀bi náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nínú lẹ́tà tirẹ̀, Àjàyí ò gbìyànjú ẹ̀.

Ó wá kan ti Gẹ̀ẹ́sì. Lálẹ́ ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó ẹrú 187 sínú ọkọ̀ Pọtogí kan tí wọ́n ń pè ní Esperança Felix. Lọ́jọ́ kejì gan-an ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì, Myrmidon àti Iphigenia, lé e bá. Ọ̀gá ọkọ̀ Myrmidon ni Henry Leeke. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn.

Ṣé Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló ti ń ra ẹrú láti bí igba ọdún ṣáájú ìgbà náà ni? Àwọn náà ni. Ṣùgbọ́n ní 1807, ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn fòfin de òwò náà fún àwọn ọmọ ilẹ̀ wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ṣàdéhùn pé kí àwọn náà jáwọ́. Pọtogí gbà lápá kan: wọ́n ní àwọn ò ní kó ẹrú ní gbogbo ẹ̀bá òkun tó wà ní àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì dọ́gba. Ti gúúsù, wọ́n ní kí wọ́n fi àwọn sílẹ̀. Èkó wà ní àríwá ìlà náà. Ká ní Luanda ni wọ́n ti kó Àjàyí sọ́kọ̀ ni, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yẹn ì bá jókòó wò ó bó ṣe ń kọjá lọ sí Bùràsíìlì. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tún ń san owó orí fún àwọn atukọ̀ rẹ̀ lórí ẹrú kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbà. Ẹ rí i pé títí dé orí ìdáǹdè yẹn, iye kan ṣì wà lórí ọmọ náà.

Àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti gbà wọ́n sílẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé olè kan ja olè kejì lólè. Nígbà tí wọ́n kó Àjàyí àti àwọn ọmọ yòókù sínú Myrmidon, wọ́n rí ẹran funfun kan tó so rọ̀, wọ́n sì rí nǹkan róbótó róbótó tí wọ́n tò sórí pákó ọkọ̀. Wọ́n rò pé ẹran ara àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn nìyẹn, pé orí wọn ni wọ́n tò kalẹ̀ yẹn. Ìgbà tí wọ́n sún mọ́ ọn ni wọ́n rí pátákò: ẹlẹ́dẹ̀ ni. Nílé wọn, iná ni wọ́n fi ń jó irun ara ẹlẹ́dẹ̀, torí náà wọn ò rí ẹlẹ́dẹ̀ tí awọ rẹ̀ funfun rí. Àwọn orí ọ̀hún sì jẹ́ ọta irin tí wọ́n ń kì sínú àgbá ìbọn. Pọtogí tó rà wọ́n àti ọmọ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ kan náà, wọ́n ti dè wọ́n. Àjàyí dìde, ó sì fọ́ ọkùnrin náà létí orí níbi tó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà, tó ti di olùkọ́ àti onígbàgbọ́, ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ìwà búburú gbáà ni òun hù. Èmi ò rò pé ẹnì kankan nínú wa máa bá a wí.

Wọ́n dé Freetown ní Sàró ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà. Kí ló dé tí kì í ṣe Òṣòógùn? Àkọ́kọ́, Freetown ni ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọkọ̀ ẹrú wà. Èkejì, Òṣòógùn tí wọn ì bá dá a padà sí ti di ahoro, ojú ọ̀nà tó sì lọ síbẹ̀ ni ọ̀nà Èkó, Ìjàyè, Ìsẹ́yìn, àwọn ọjà tí wọ́n ti tà á. Bí ó bá gba ibẹ̀ padà, wọ́n á tún tà á ni. Bẹ́ẹ̀ ni Sàró ṣe di ìlú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn wa. Wọ́n fi àwọn míì sẹ́nu ṣọ́jà, wọ́n fi àwọn míì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ onílé. Wọ́n fi Àjàyí sí abúlé Bathurst. Nítorí bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn, “ẹ kú èyí, ẹ kú tọ̀hún”, àwọn ará Freetown ń pe gbogbo wọn ní Àkú. Ará Ọ̀yọ́ ni, ará Ẹ̀gbá ni, ará Ìjẹ̀ṣà ni, Àkú ni gbogbo wọn. Òkè òkun ni wọ́n ti kọ́kọ́ di ọmọ ìyá.

Oṣù mẹ́fà ló fi mọ ìwé kà débi tó fi lè ka Májẹ̀mú Tuntun. Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, wọ́n sì fún un ní orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Samuel Crowther, tí kò bá a tan níbì kankan. Ó fẹ́ Àsánò, ọmọbìnrin tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú bíi tirẹ̀, tí orúkọ ìrìbọmi rẹ̀ di Susan. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ Crowther dénú, Àsánò ni, àmọ́ àwọn ìwé ìtàn kì í ní ju ìlà kan lọ fún un. Ó bímọ, ó tọ́ wọn, ó kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìwé, ó bá a kó láti Sàró dé Abẹ́òkúta, títí tó fi kú ní 1880. Abigail ọmọ wọn ló fẹ́ T. B. Macaulay tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859, Herbert Macaulay sì ni ọmọ Abigail.

Ẹ jẹ́ ká dé Abẹ́òkúta. Ní 1843, wọ́n fi Crowther jẹ oyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1845, ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì pẹ̀lú Henry Townsend, òyìnbó ajíhìnrere CMS, wọ́n ń lọ sí Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá tó ní kí wọ́n máa bọ̀, ti kú, ojú ọ̀nà sì ti dí. Ọdún kan àtààbọ̀ ni wọ́n fi jókòó sétí òkun. Oṣù Kẹjọ ọdún 1846 ni wọ́n tó wọ ìlú náà. Àwọn ará Sàró ti ń padà wálé ṣáájú wọn, ìròyìn sì ń rìn. Ní ọjọ́ 21 oṣù yẹn, obìnrin arúgbó kan pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀ kan wá béèrè àlùfáà dúdú náà.

Nínú ìwé tó ń kọ lójoojúmọ́, Crowther sọ pé nígbà tí ìyá òun rí òun, ó ń gbọ̀n. Kò gba ojú rẹ̀ gbọ́. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, kò sẹ́ni tó lè fọhùn, omijé ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ ìyá tó ti gbẹ. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni. Àwọn arábìnrin rẹ̀ méjèèjì ṣì wà láyé, ọ̀dọ̀ ìyá wọn ni wọ́n wà pẹ̀lú àwọn ọmọ, ní ìlú kékeré kan tí kò jìnnà. Ìyá àgbà ni kò sí mọ́, oko ẹrú ló kú sí. Àfàlà di mímú lọ́wọ́, ó sì ń pe ọmọ rẹ̀ ní àwọn orúkọ tí ìyá àgbà yẹn máa ń pè é ní kékeré. A óò padà sórí àwọn orúkọ yìí.

Ní oṣù Kejì ọdún 1848 ni Àfàlà ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hánà. Ẹni tó bá mọ Bíbélì ti mọ ìdí rẹ̀: Hánà ni ìyá Samuẹli. Ọmọ ló wá sọ ìyá lórúkọ. Àfàlà wà láyé títí di 1883, ojú rẹ̀ sì rí i tí ọmọ tí wọ́n fi gba ẹṣin di bíṣọ́ọ̀bù.

Kó tó kan ti bíṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ Bíbélì. Wọ́n máa ń sọ pé Crowther nìkan ló túmọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan. Ó ní ẹnì kejì tó bá a ṣiṣẹ́ lójúmọ́, Thomas King, ará Sàró bíi tirẹ̀, àwọn òyìnbó ajíhìnrere kan náà sì ṣe lára àwọn ìwé inú rẹ̀. Bí ìwé kan bá parí, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde: Romu ní 1850, Jẹ́nẹ́sísì ní 1853, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ fi pé pérépéré ní nǹkan bí ọdún 1884. Ṣùgbọ́n etí Crowther ló gbé iṣẹ́ náà dúró. Ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Nígbà tó wàásù ní Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì Freetown fún ìgbà àkọ́kọ́, ní ọjọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 1844, àwọn èèyàn ò dúró de Àmín. Ó ń súre, wọ́n ń dáhùn: kí ó ṣẹ, kí ó ṣẹ.

Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nínú Bíbélì yẹn dáadáa. Àdúrà. Ìwàásù. Àlùfáà. Wòlíì. Gbogbo wọn ló gba ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí wọ Yorùbá, kí ẹnikẹ́ni tó gbé Bíbélì dé. Ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí ni Àjàyí ti di ẹrú, ọ̀kan nínú wọn ló sì tà á sí ọ̀nà òkun. Ì bá sá fún àwọn ọ̀rọ̀ wọn, kò sì sẹ́ni tó máa bínú sí i. Ó gbà wọ́n, torí ohun tí àwọn èèyàn ń sọ lọ́jà àti nílé nìyẹn. Ibi tí mi ò ti gbà pẹ̀lú àwọn atúmọ̀ náà ni ti Èṣù, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe Sàtánì. Ẹni tó bá gbọ́ Ifá díẹ̀ mọ̀ pé Èṣù ò jọ Sàtánì rárá, àìgbọ́ra-ẹni-yé tí ìyẹn dá sílẹ̀ ò sì tíì tán títí dòní. Àmọ́ bóyá a ì bá ní àlàyé tó pọ̀ sí i látọwọ́ Crowther, bí kì í bá ṣe iná tó jó ilé rẹ̀ ní 1862. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ṣa ọ̀rọ̀ àti òwe jọ. Gbogbo rẹ̀ di eérú, pẹ̀lú àwọn ìwé Mósè tó ti túmọ̀ sílẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ní 1851 kan náà tí wọ́n ń tẹ Lúùkù jáde, ó wà ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n mú un lọ sí ààfin Windsor. Òun àti Albert ọkọ ọbabìnrin ń wo máàpù ilẹ̀ wa, wọ́n ń sọ̀rọ̀ Èkó, obìnrin kan wọlé, ó dá sí ọ̀rọ̀ náà, Crowther ń dá a lóhùn bó ṣe ń dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ìgbà tí ẹnì kan fi orúkọ oyè pe obìnrin náà ló tó mọ̀ pé Ọbabìnrin Victoria ni. Jìnnìjìnnì bò ó. Ó ka Àdúrà Olúwa ní Yorùbá fún un, ọbabìnrin ní èdè náà rọ̀ létí. Ohun tó ń sọ lórí máàpù yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré: ó ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n fòpin sí òwò ẹrú Èkó, kí wọ́n gbé Akítóyè, ọba Èkó tí Kòsọ́kọ́ lé kúrò, padà sórí oyè. Kí ọdún náà tó parí, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti yìnbọn lu Èkó, Kòsọ́kọ́ sì ti sá. Àwọn kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó ò tíì dárí ìyẹn jì í, n kò sì lè sọ pé wọn ò lẹ́jọ́.

Wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà. Henry Leeke, tó lé ọkọ̀ ẹrú náà bá, wà níbẹ̀, ó ti di ọ̀gá àgbà nínú iṣẹ́ ọkọ̀ ogun. Ìyáàfin Weeks, tó kọ́ ọ ní A B D ní Bathurst, wà níbẹ̀. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n bí Herbert Macaulay.

Bíṣọ́ọ̀bù ibo wá ni? Ọ̀pọ̀ èèyàn á dáhùn pé bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Yorùbá, tàbí ti Nàìjíríà. Kò sí Nàìjíríà nígbà náà, ilẹ̀ Yorùbá kọ́ sì ni. Ohun tí ìwé oyè rẹ̀ sọ ni àwọn ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà lẹ́yìn ààlà ìjọba Ọbabìnrin. Èkó ti di ti Gẹ̀ẹ́sì láti 1861, nítorí náà Èkó jáde. Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì, tí a bá tẹ̀ lé ìwé náà, abẹ́ rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n Townsend, tí wọ́n jọ gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, ti ń kọ̀wé láti ọdún pípẹ́ pé òyìnbó ò gbọdọ̀ wà lábẹ́ adúláwọ̀. Henry Venn, akọ̀wé CMS tó gbà pé kí ìjọ adúláwọ̀ máa bọ́ ara rẹ̀, kó sì máa darí ara rẹ̀, ló fẹ́ Crowther lóyè. Wọ́n wá dọ́gbọ́n sí i: níbi tí òyìnbó ajíhìnrere bá wà, kí Crowther má débẹ̀. Ilé tí ọmọ onílé ti gbọ́ èdè ni wọ́n tì mọ́ ọn lójú.

Odò Ọya ni wọ́n fún un: Oníṣà, Lọ́kọ́ja, títí dé Bonny àti Brass. Kò gbọ́ èdè wọn bó ṣe gbọ́ Yorùbá. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́, Sàró ni ọ̀pọ̀ wọn, àjèjì bíi tirẹ̀. Kò ní ọkọ̀ tirẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ọkọ̀ oníṣòwò ló ń bá rìn. Ní 1867, olóyè kan nítòsí Ìdá, Abokko, tí ó fẹ́ràn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbé òun àti ọmọ rẹ̀ Dandeson tì mọ́lé, ó ní kí wọ́n wá fowó rà wọ́n padà. Òyìnbó tó lọ gbà wọ́n, Fell, ọfà olóró ló pa á lójú ọ̀nà àsálà. Ẹni tí wọ́n ti fi gba ẹṣin, tí wọ́n ti fi gba tábà, wọ́n tún dá iye lé e lórí pẹ̀lú aṣọ bíṣọ́ọ̀bù lọ́rùn.

Venn kú ní 1873, Crowther ò sì ní ẹni tó ń gbèjà rẹ̀ mọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ajíhìnrere dé sí Odò Ọya, wọ́n kàn dé ni. Ìwà àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan ò dára lóòótọ́, Crowther sì máa ń ro èèyàn sí rere jù. Ṣùgbọ́n níbi ìpàdé Oníṣà ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, àwọn ọmọ tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ lè jù lọ dá àwọn àlùfáà rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ lójú rẹ̀, Dandeson wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá. Bàbá tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún dìde, ó ní òun ò sí nínú ìgbìmọ̀ náà mọ́. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1891. Òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní 2014, nígbà tó pé àádọ́jọ ọdún tí wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury, Justin Welby, tọrọ àforíjì fún ohun tí ìjọ ṣe sí i.

Ó ku orúkọ. Àwọn kan máa ń bínú pé kí la tún ń pè é ní Crowther sí, kí a pè é ní Àjàyí. Àjàyí náà ò wá láti ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, orúkọ àmútọ̀runwá ni, ó dojú délẹ̀ wáyé ni. Lẹ́tà 1837 yẹn, Samuel Crowther ló fọwọ́ sí i. Nígbà tí orúkọ ilé bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú ìwé, “Adjai” ni wọ́n ń kọ ọ́, àkọtọ́ àtijọ́ tí iṣẹ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó mú kó kásẹ̀ nílẹ̀. Àfàlà ò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tó di ọwọ́ rẹ̀ mú ní Abẹ́òkúta, orúkọ àtijọ́ ló ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀, oríkì, orúkọ ìkẹ́, àwọn tó mọ̀ nìkan ló mọ̀. Crowther ṣa ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ títí iná fi jó o, ó sì tún un ṣà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá òun pe òun ní àwọn orúkọ yẹn, pé òun rántí wọn dáadáa. Kò kọ ọ̀kankan nínú wọn sílẹ̀.